Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Búlọ́ọ̀kù Scratch Kọ́ Ọmọdé Ní Ètò Kọ̀ǹpútà Kíkọ

Ọmọ tó bá ti lè ka gbólóhùn kúkúrú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì lè fi mouse fa nǹkan láti apá kan ojú kọ̀ǹpútà sí apá kejì, ti ní ohun tó tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kò dìgbà tó bá mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ dáadáa, kò sì dìgbà tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Dípò kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa tẹ àṣẹ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, yóò mú búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ tí a ti kọ àṣẹ sí lára, yóò sì so ó mọ́ òmíràn lórí kọ̀ǹpútà títí tí wọn yóò fi di iṣẹ́ kan. Òbí tàbí olùkọ́ tó fẹ́ fi Scratch, èdè ètò tó ń lo irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀, kọ́ ọmọ ọdún 8 sí 12 ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì kọ ètò kankan rí.

Nínú àwọn èdè ètò tí à ń tẹ̀, irú bíi Python, àmì kan ṣoṣo tí ọwọ́ bá fò dá lè mú kí gbogbo iṣẹ́ kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà lè fara da ìyẹn. Ọmọ ọdún 9 yóò dìde lọ gbá bọ́ọ̀lù. Búlọ́ọ̀kù mú wàhálà yìí kúrò, nítorí pé ìrísí rẹ̀ ló ń sọ ibi tó lè wọ̀. Èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ kò gba ohunkóhun sókè ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tó la ẹnu sílẹ̀ ń gba àwọn mìíràn sínú. Àyè tó ní igun mẹ́fà kò gba búlọ́ọ̀kù kankan àfi èyí tó ní igun mẹ́fà bíi tirẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìrísí tó lè dí ọmọ lọ́wọ́ láti to àṣẹ tó tọ́ sí ipò tí kò tọ́. Irú àṣìṣe yẹn ni a fẹ́ kí ó máa ṣe, kí ó sì máa wá ojútùú sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà wà.

Ọdún 2007 ni Scratch jáde fún aráyé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ olùwádìí tí Mitchel Resnick ń darí ní MIT Media Lab, ibùdó ìwádìí kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1967, Seymour Papert, ẹni tí wọ́n bí ní Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà, pẹ̀lú Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon, ṣe èdè ètò kan fún àwọn ọmọdé, wọ́n pè é ní Logo. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan kún un tí ń rìn lórí ilẹ̀, tó sì ń fa ìlà tẹ̀ lé ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ bá ṣe pàṣẹ fún un. Ìjàpá ni orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀rọ náà ní èdè tiwọn. Ìjàpá kan náà ni yóò jẹ́ òṣèré wa àkọ́kọ́, àmọ́ tiwa lójú kòkòrò ju tiwọn lọ.

Ohun tí ẹ ó pèsè

Ọ̀fẹ́ ni Scratch. Ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tó dára lè ṣí i ní scratch.mit.edu, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìforúkọ sílẹ̀ rárá. Àmọ́ ní ilé àti ilé ìwé wa, níbi tí dátà ti wọ́n, tí iná sì ń lọ nígbà tó bá wù ú, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba áàpù Scratch sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fi í sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì gbàgbé íntánẹ́ẹ̀tì. Áàpù náà ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 10 sókè, lórí macOS, lórí Chromebook àti lórí tablet Android. Bí kọ̀ǹpútà Windows bá pọ̀ ní ilé ìwé, ẹ lè fi flash gbé fáìlì tí ẹ gbà sílẹ̀ náà láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì lè gbé e fún wákàtí kan dára fún iṣẹ́ yìí ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó lágbára lọ, nítorí pé iná tó lọ lójijì lè gbé iṣẹ́ ọmọ lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ láti ọjọ́ kìíní pé, nígbàkúùgbà tí nǹkan tuntun bá ti ṣiṣẹ́, kó lọ sí "File", kó sì tọ́jú iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ fáìlì tí yóò jáde máa ń parí sí .sb3.

Ẹ ra mouse. Pátákó tí a ń fi ìka pa lára kọ̀ǹpútà alágbèéká máa ń ni ọmọdé lára nígbà tó bá ń fa búlọ́ọ̀kù. Iṣẹ́ yóò sú u, ẹ ó sì rò pé ètò kíkọ ni kò fẹ́.

Ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù, nítorí pé ojú rẹ̀ kéré jù fún títo búlọ́ọ̀kù. Ní ti ọmọ ọdún 5 sí 7, ScratchJr ni tirẹ̀, èyí tó jáde ní ọdún 2014 fún tablet. Àwòrán ló wà lára búlọ́ọ̀kù rẹ̀ dípò ọ̀rọ̀, nítorí náà ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà lè lò ó. Ẹ má fi ipá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ inú Scratch torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Bí ọmọ méjì yóò bá lo kọ̀ǹpútà kan, kí ọ̀kan di mouse mú, kí èkejì máa sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 tàbí 15. Ètò yìí dára débi pé n óò tún lò ó bí kọ̀ǹpútà bá tilẹ̀ kárí, nítorí pé ọmọ tó ń fi ẹnu sọ ohun tó fẹ́ máa ń tètè rí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ti yé ẹlòmíràn. Ọmọ mẹ́ta pọ̀ jù. Ẹni kẹta yóò di òǹwòran, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn méjì yòókù lẹ́nu.

Kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà

Ẹ gbé gàrí, abọ́, ṣíbí, omi, ṣúgà àti ẹ̀pà sórí tábìlì. Ẹ ní kí ọmọ kọ bí a ṣe ń mu gàrí sínú ìwé, ìgbésẹ̀ kan lórí ìlà kan, kí ẹ sì ṣe ohun tó kọ gẹ́lẹ́, láìfi òye tiyín kún un. Bó bá kọ "bu omi sí i" láìtíì ní kí ẹ da gàrí sínú abọ́, ẹ gbé omi, kí ẹ sì ṣe bí ẹni fẹ́ dà á sínú ọ̀rá gàrí. Yóò pariwo kí ó tó kán sí i. Bó bá kọ "fi ṣúgà sí i" láìsọ iye, ẹ máa bù ú lọ títí yóò fi ní kí ẹ dúró. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò gba ìwé rẹ̀ padà, yóò sì tún un kọ. Ó ti mọ̀ báyìí, kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, pé ẹni tó ń gba àṣẹ kò ní ro ohun tí a kò sọ fún un, àti pé títún àṣẹ kọ wà lára iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ mu gàrí náà.

Ojú iṣẹ́ Scratch

Bí Scratch bá ṣí, àwọn búlọ́ọ̀kù wà ní apá òsì ní ìsọ̀rí mẹ́sàn-án tí àwọ̀ yà sọ́tọ̀: búlúù fún ìrìn, elésè àlùkò fún ìrísí àti ọ̀rọ̀ sísọ, yẹ́lò fún ohun tó ń mú iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ọsàn fún àwítúnwí àti ìpinnu, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín ni a ti ń so wọ́n pọ̀. Ìtàgé wà lókè ní apá ọ̀tún, níbi tí ológbò kan ti dúró. Sprite ni Scratch ń pe irú òṣèré bẹ́ẹ̀, òṣèré kọ̀ọ̀kan ló sì ní àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àsíá àwọ̀ ewé tó wà lókè ìtàgé ló ń bẹ̀rẹ̀ eré, àmì pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń dá a dúró.

Ẹ má ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fa "move 10 steps" sí àárín, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì rí i pé ológbò sún díẹ̀, kó yí 10 padà sí 100, kó mú búlọ́ọ̀kù "say Hello!", kó pa Hello rẹ́, kó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà wa ń hàn dáadáa nínú rẹ̀, bí kíbọ́ọ̀dù yín bá ti lè tẹ̀ wọ́n. Bó bá bèèrè ohun tí búlọ́ọ̀kù kan ń ṣe, ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí búlọ́ọ̀kù kan tó lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́.

Àlọ́ Ìjàpá

Púpọ̀ nínú àwọn ìtọ́sọ́nà tí ẹ ó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní kí ọmọ wo eré tí ẹlòmíràn ti ṣe, kí ó sì máa to búlọ́ọ̀kù bí ti olùkọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi kò fara mọ́ ọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò parí iṣẹ́, àmọ́ kò ní lè sọ ìdí tí búlọ́ọ̀kù kan fi wà níbi tó wà. Ìtàn tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ó mọ bí ìtàn náà ṣe yẹ kó lọ, yóò sì dá a mọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣì í ṣe. Àlọ́ Ìjàpá tó jẹ oògùn tí babaláwo sè fún Yánníbo aya rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wúlò púpọ̀ fún èyí: òṣèré rẹ̀ kò pọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ṣeé fojú rí, orin sì wà nínú rẹ̀ tí gbogbo agbo máa ń gbè.

Ẹ ní kí ọmọ pa ológbò rẹ́, kó sì ya Ìjàpá, babaláwo, apàlọ́ àti agbo àwọn tó ń gbọ́ àlọ́ fúnra rẹ̀. Scratch ní ibi ìyàwòrán. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ní kámẹ́rà, ó lè yà wọ́n sínú ìwé, kó wá fi kámẹ́rà gbé wọn wọlé. Ìjàpá tó wọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, dára ju àwòrán mèremère tí ẹlòmíràn yà lọ.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àlọ́ ni kó kọ́kọ́ ṣe. Apàlọ́ yóò ní "Ààlọ́ o!", agbo yóò sì dáhùn pé "Ààlọ̀!" Ọmọ yóò fi búlọ́ọ̀kù àsíá, "when green flag clicked", sórí àṣẹ àwọn méjèèjì, yóò tẹ àsíá, àwọn méjèèjì yóò sì sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Ẹ má sọ ojútùú rẹ̀. Ẹ bèèrè ohun tó yẹ kí agbo dúró dè. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò wá "wait 1 seconds" rí, wọn yóò yí 1 padà sí 2, yóò sì ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa lo ọ̀nà yìí lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá di márùn-ún tàbí mẹ́fà láàárín Ìjàpá àti babaláwo, yóò máa ṣírò ìṣẹ́jú àáyá lórí ìwé, bó bá sì fa ọ̀rọ̀ ẹnì kan gùn díẹ̀, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e yóò dàrú. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ tó fi "broadcast" hàn án: òṣèré kan yóò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ nígbà tó bá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, òṣèré kejì yóò sì ní búlọ́ọ̀kù "when I receive" tó ń dúró de iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ti fi hàn án ní ọjọ́ kìíní, kò bá má rí ìwúlò rẹ̀. Ní báyìí tí ìṣírò ti sú u, yóò gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni oògùn jíjẹ. Ọmọ yóò rí "change size by 10" láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù elésè àlùkò, yóò fi í sínú "repeat 10", yóò sì rí Ìjàpá tó ń tóbi: orí, ẹsẹ̀, ìrù, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ bèèrè bóyá ikùn nìkan kọ́ ló yẹ kó wú. Láti ṣe ikùn nìkan, yóò ní láti da àwòrán Ìjàpá kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lábẹ́ "Costumes", ìyẹn aṣọ òṣèré, kó fẹ ikùn lójú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ju ti ìṣáájú lọ, kó sì fi "next costume" àti ìdúró díẹ̀ sínú "repeat". Bí a ṣe ń ṣe fíìmù àwòrán nìyẹn, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé àwọn náà lè ṣe é.

Nígbà tó bá tún tẹ àsíá láti fi han ẹlòmíràn, Ìjàpá yóò jáde pẹ̀lú ikùn ńlá kó tó jẹ ohunkóhun. Nínú gbogbo àṣìṣe tí ọmọ yóò bá pàdé nínú Scratch, èyí ni mo kà sí pàtàkì jù, ẹ má sì jẹ́ kí ó kọjá lọ lásán. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé eré tuntun ni. Ibi tí òṣèré wà nígbà tí eré parí náà ni yóò wà títí a ó fi sọ nǹkan mìíràn fún un. Nítorí náà, kò sí òṣèré kan tí kò yẹ kó ní àṣẹ ìpalẹ̀mọ́ lábẹ́ àsíá, kó tó ṣe ohunkóhun: ibi tí yóò dúró sí, bí yóò ṣe tóbi tó, aṣọ tí yóò wọ̀, bóyá yóò hàn tàbí yóò fara pamọ́. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọmọ bí Ìjàpá ṣe yẹ kó rí kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì wá búlọ́ọ̀kù fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tó bá fún yín. Àwọn àgbà tó ń kọ ètò fún ilé iṣẹ́ ńlá ṣì ń bá irú àṣìṣe yìí jà.

Orin ló kù. Lábẹ́ "Sounds", ọmọ lè fi máíkì kọ̀ǹpútà gba ohùn ara rẹ̀ tàbí ti ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Búlọ́ọ̀kù méjì ló ń mú ohùn jáde: "start sound" ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò sì kọjá lọ sí àṣẹ tó kàn lójú ẹsẹ̀, "play sound until done" ń dúró kí orin tán. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìyàtọ̀ wọn. Bí ọmọ náà bá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí ìyá ìyá rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn, màmá lè kọ orin náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ kàn ní láti sọ ohùn náà di mp3 tàbí wav kí Scratch tó lè gbà á. Orin àlọ́ kì í sì wáyé lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ yóò da àwọn búlọ́ọ̀kù orin àti ijó kọ síbi mẹ́ta, bó bá sì fẹ́ yí ijó padà, yóò ní láti tún un ṣe síbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wá fi "My Blocks" hàn án nígbà náà: yóò ṣe búlọ́ọ̀kù tuntun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "orin", yóò to gbogbo iṣẹ́ náà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa pè é níbi tó bá yẹ. Láti ìgbà yẹn lọ, ojú kan ṣoṣo ni yóò ti máa ṣàtúnṣe.

Eré àgbálùmọ̀

Àlọ́ ń kọ́ ọmọ ní títò àṣẹ. Ní ti ìpinnu àti ìṣirò, eré ìdárayá ló dára. Kó ṣe agbọ̀n kan tí yóò máa hán àgbálùmọ̀ tó ń já bọ́ láti òkè. Àwòrán roboto aláwọ̀ ọsàn ti tó fún àgbálùmọ̀. Ọmọ tí kò mọ èso náà lè lo ápù.

Ìtàgé fẹ̀ ní 480, ó sì ga ní 360, àárín gbùngbùn rẹ̀ ni òdo. Lẹ́tà x ń sọ ibi tí òṣèré wà láti òsì sí ọ̀tún, láti -240 dé 240. Lẹ́tà y ń sọ ti ìsàlẹ̀ sí òkè, láti -180 dé 180. Ọmọ lè má tíì kọ́ nọ́ńbà tó kéré sí òdo ní kíláàsì, kò burú. Ẹ ní kó fi mouse wọ́ òṣèré káàkiri, kó sì máa wo iye x àti y tó ń yí padà lábẹ́ ìtàgé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò lè sọ ibi tí -200 wà kí òṣèré tó débẹ̀.

Agbọ̀n ni kó kọ́kọ́ ṣe: lábẹ́ àsíá, "set x to", kí a sì fi "mouse x" sínú àyè nọ́ńbà rẹ̀. Yóò tẹ àsíá, agbọ̀n yóò fò lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dúró gbagidi. Ẹ bèèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ló sọ fún agbọ̀n pé kó wo ibi tí mouse wà. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Búlọ́ọ̀kù "forever" ló yẹ kó yí àṣẹ náà ká, kí agbọ̀n lè máa wò ó láìdáwọ́ dúró.

Ní ti àgbálùmọ̀, "forever" ni yóò wà lábẹ́ àsíá rẹ̀. Àṣẹ àkọ́kọ́ nínú "forever" náà ni "go to x y", tí y rẹ̀ jẹ́ 170, tí x rẹ̀ sì jẹ́ "pick random -220 to 220", kí èso má baà máa já bọ́ láti ojú kan. Mo lo 220 dípò 240 kí èso má baà fi ara pamọ́ sí etí ìtàgé. Èyí tó tẹ̀ lé e ni "repeat until", tí a fi "change y by -5" sínú rẹ̀, tí a sì fi búlọ́ọ̀kù "or" aláwọ̀ ewé sí àyè onígun mẹ́fà rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ kan ń bèèrè bóyá àgbálùmọ̀ ti fara kan agbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ kejì ń bèèrè bóyá y rẹ̀ ti kéré sí -160, ìyẹn ni pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ohun tó kẹ́yìn ni "if then": bó bá fara kan agbọ̀n, kí iye tí ọmọ ní lé ní ọ̀kan. Fún iye yìí, kó lọ sí "Variables", kó ṣe tuntun, kó sọ ọ́ ní orúkọ tó bá wù ú, kó sì fi í sí òdo lábẹ́ àsíá kí "forever" tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbàgbé òdo náà, ẹ rán an létí ikùn Ìjàpá.

Ẹ má sọ gbogbo èyí fún un lẹ́ẹ̀kan. Kí èso kọ́kọ́ já bọ́, kó wá tún padà sókè, kí iye tó wọlé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi eré náà sílẹ̀ fún ọmọ. Òmíràn yóò ní kí èso máa yára sí i. Òmíràn yóò fi èyí tó ti rà sí i, tí yóò máa gba iye lọ́wọ́ ẹni tó bá hán an. Ẹlòmíràn yóò kàn sọ agbọ̀n di àbúrò rẹ̀ tó la ẹnu sílẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ ṣe ni kó pinnu ẹ̀kọ́ tó kàn.

Bí iṣẹ́ bá há

Ohun tó ṣòro jù fún àgbàlagbà nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni láti má gba mouse. Ẹ rí àṣìṣe náà, ọwọ́ ń yún yín, àtúnṣe rẹ̀ kò sì lè gbà ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Bí ẹ bá gbà á, ohun tí ọmọ yóò kọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó ka àṣẹ rẹ̀ sókè láti orí dé ìdí ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ara búlọ́ọ̀kù kò dí i lọ́wọ́: "Bí wọ́n bá tẹ àsíá, lọ sókè, títí wàá fi kan agbọ̀n, máa sọ̀kalẹ̀." Ìdajì àwọn ìṣòro ló máa ń tú nígbà tí ọmọ bá gbọ́ ohun tó kọ lẹ́nu ara rẹ̀, tí kò sì bá ohun tó ní lọ́kàn mu. Bí ìyẹn kò bá ràn án lọ́wọ́, kó tú búlọ́ọ̀kù náà sí wẹ́wẹ́, kó máa tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó sì wo èyí tí kò ṣe bó ṣe rò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bá mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ jọ dán an wò.

Ọmọ mìíràn yóò lo gbogbo àkókò lórí àwọ̀ àti aṣọ òṣèré. Ẹ fún un láyè lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kejì ẹ bèèrè ohun tí òṣèré arẹwà náà lè ṣe. Ìṣẹ́jú 45 tó fún ìjókòó kan, ó sì sàn kí ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún díẹ̀ sí i.

Bí ọmọ bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn ẹlòmíràn lórí ìkànnì Scratch, yóò nílò láti forúkọ sílẹ̀. Kí ìnagijẹ rẹ̀ má ṣe ní orúkọ gidi tàbí orúkọ ilé ìwé nínú, kí ímeèlì jẹ́ ti òbí, kí òbí sì máa ka ohun tí àwọn àjèjì ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ náà. Àǹfààní ńlá tó wà níbẹ̀ ni "See inside", tí ọmọ fi lè wo búlọ́ọ̀kù iṣẹ́ ẹlòmíràn, kó sì ṣe tirẹ̀ láti ara rẹ̀; Scratch fúnra rẹ̀ yóò dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè máa fi fáìlì .sb3 ránṣẹ́ sí ara wọn.

Ẹ má kánjú gbé ọmọ lọ sórí Python. Bó bá jẹ́ pé fóònù ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, MIT App Inventor ni kó kàn, èyí tí a ń fi búlọ́ọ̀kù ṣe áàpù Android. Kó tún eré àgbálùmọ̀ náà ṣe níbẹ̀, kó sì wò ó lórí fóònù òbí rẹ̀ pẹ̀lú áàpù ìdánwò tí MIT ṣe fún un. Ẹ kàn jẹ́ kó mọ̀ pé igun òkè ní apá òsì ni òdo wà nínú App Inventor, kì í ṣe àárín, àti pé y ń pọ̀ sí i bí a bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Bó bá gbé -5 rẹ̀ wá láti inú Scratch, òkè ni àgbálùmọ̀ yóò máa gbà lọ.